Ẹran Tí A Fi Pamọ́ ní Kamisti

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Èbìbí, 1908

Wọ́n dé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì, ènìyàn méje, àti ẹ̀rọ kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀gá wọn, Rọ́ṣíà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí oòrùn ti bó imú rẹ̀. Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo àgọ́ ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta. Orúkọ tí n ó máa pè é níbí náà nìyẹn.

Ó béèrè ìwé ẹran. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ — ẹṣin ọgọ́rùn-ún, àgùntàn ẹgbẹ̀ta, ràkúnmí ogún. Ó ti mọ́ mi lára. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé agbo-ilé àwa darandaran yìí. Nínú ẹran mẹ́ta, ọ̀kan ni mo ń kọ. Ẹ̀gbọ́n mi Baizak ti da ìyókù lọ sẹ́yìn òkè iyọ̀ láti àná, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn agbowó-orí ń bọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ kálámù mi, à bá ti máa da ẹran ẹlẹ́ran báyìí.

Màmá wa ò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ka ẹyọ kan. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ohun tó ń sọ láti kékeré mi nìyẹn. Bí Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta ṣe ṣí ìwé, Màmá tutọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé, Esirkep, ọmọ, o gbọ́n.

Ìṣẹ́gun, 13

Wọ́n ń na ṣéènì ìwọnlẹ̀ létí odò láti àárọ̀. Kí ni agbowó-orí fẹ́ fi odò ṣe?

Ọjọ́rú, 14

Mo jókòó mu wàrà ẹṣin pẹ̀lú Galimjan, ògbufọ̀ wọn. Ọmọ Tátà ni, ẹnu rẹ̀ dùn — Ahọ́n-Oyin ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ó mu abọ́ kẹta tán, ó nu irunmú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí mà tòṣì o! Ẹṣin ọgọ́rùn-ún péré? Ó dáa fáwọn tó ń bọ̀ ṣá."

Mo bi í pé àwọn wo ló ń bọ̀.

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ti owó orí ni? Ilẹ̀ ni. Ìjọba fẹ́ mọ iye ilẹ̀ tó máa tó wa. Ẹran ńlá kan, ilẹ̀ báyìí. Àgùntàn mẹ́fà, kí a kà á sí ẹran ńlá kan. Wọ́n á ṣírò rẹ̀, wọ́n á gé e fún wa, èyí tó bá kù, àlékù ni — ó di ti àwọn àgbẹ̀ Rọ́ṣíà tí ọkọ̀ ojú irin ń kó bọ̀. Ogójì ìdílé, ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyẹn? Àbí wàrà yẹn ti kan jù?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kan jù.

Ọjọ́bọ̀, 15

Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ja síbì kan náà. Pẹ̀lú iye tí mo kọ, ilẹ̀ wa parí síbi sàréè Bàbá. Ìkọjá ibẹ̀ ni Kamisti.

Kamisti! Ibi tí odò ti tẹ̀ kọrọdọ, tí eèsún ga ju ràkúnmí lọ. Ibẹ̀ ni ilé amọ̀ wa wà, ibẹ̀ la máa ń sá sí nígbà òtútù. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́dún tí yìnyín di òkúta lórí koríko. Ẹran àwọn ará òkè kú ní ìdúró. Tiwa jẹ eèsún, wọ́n sì yè. Bí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bá tún dé tí a ò sí ní Kamisti, a di alágbe. N kò sọ àsọdùn. Mo ti rí àwọn tó di alágbe.

Kò sí jàgùdà tó gbà á lọ́wọ́ wa. Èmi ni. Èmi tí mo gbọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀, 16

Lẹ́yìn ìrun, mo fa Ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn àgọ́. Mo fi igi ya odò sílẹ̀ fún un, mo fi ìgbẹ́ àgùntàn gbígbẹ ṣe sàréè Bàbá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kó ilẹ̀ lọ kẹ̀? Ṣé wọ́n á ká a bí ẹní ni?"

Mo ní wọn ò ní ká a, wọ́n á jókòó lé e ni.

Ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ní àwọn ọmọ ogun Ọba Funfun ti Rọ́ṣíà náà jókòó síbí nígbà ayé Bàbá, wọ́n kọ́ ilé onípákó mẹ́ta, ẹ̀fọn lé wọn lọ, àwa la fi pákó wọn dáná. Ó gbá mi lẹ́yìn. Ó ní ìwé ni mo kà jù.

N kò lè bínú sí i. Wọ́n ti kó ẹṣin wa rí. Wọ́n ti mú ọmọ wa lọ rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ — kò tíì sí ẹni tó jí láàárọ̀ níbí kó wá ilẹ̀ rẹ̀ tì. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà wọ orí rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 17

N kò jẹun. Ìyá Sapura, ìyàwó mi, ní kòkòrò inú ni. Kòkòrò tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín lónìí. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta gbin èèkàn méjìdínlógún láti sàréè Bàbá lọ sí odò, èèkàn tuntun, igi gidi. Àwọn obìnrin wa rí igi ọ̀fẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti fà á tu, wọ́n ti so àwọn ọmọ ẹṣin mọ́ ọn níwájú àgọ́, kí wọ́n lè fún wàrà ìyá wọn. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n mi kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èèkàn, ó sì bu wàrà fún un.

Kò bínú. Ìyẹn ló ń já mi láyà. Ó mu wàrà, ó dúpẹ́, ó tú àwọn ọmọ ẹṣin fúnra rẹ̀, ó sì padà lọ gbin èèkàn rẹ̀ sí ojú ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Kò ṣi ọ̀kan gbìn.

Ọjọ́ Ajé, 19

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, mo sì mọ̀ ọ́n láti Ọjọ́rú. Kí n lọ bá a, kí n sọ pé irọ́ ni ìwé náà, pé ẹṣin wa tó ọ̀ọ́dúnrún, àgùntàn ẹgbẹ̀rún méjì, ràkúnmí ọgọ́ta. Wọ́n á gé ilẹ̀ wa tuntun. Kamisti á wà nínú rẹ̀.

Èmi náà á wà nínú túbú. Akọ̀wé tó bá purọ́ sínú ìwé ìjọba, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì nílùú odi níbi tí ìjọba wà, tàbí kí wọ́n lé e lọ sí ìlà-oòrùn níbi tí ajá ti ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín. Sapura jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Tí mo bá padà, kò ní mọ̀ mí.

Mo sọ fún Ìyá Sapura. Ó ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó ní, "Bàbá Sapura, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fi ọdún mẹ́rìnlá jẹ ẹran yẹn ni? Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló máa sanwó rẹ̀?" Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ìyẹ̀fun bojú.

Ìṣẹ́gun, 20

Mo lọ sí àgọ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta. A sọ̀rọ̀ nípa òjò. Mo padà wálé. Ọ̀lẹ.

Ọjọ́rú, 21

Mo ti sọ ọ́.

Ó ń fi ọ̀rá pa imú rẹ̀ tó bó. Mo dúró, n kò jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú èdè Rọ́ṣíà mi tó ń ta kókó. Ó wá ní ẹni tó bá dín in kù nítorí owó orí lè bù kún un nítorí ilẹ̀, kí ló fẹ́ fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Ojú ara rẹ̀ ló máa fi kà á. Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun tó bá rí ló máa kọ. Bí òótọ́ ni mo sọ, Kamisti á kù sí wa lọ́wọ́. Ó ní kí n má ṣe pẹ́ o, torí ọjọ́ Ajé ni òun ń kó kúrò níbí lọ sí ibòmíràn, òun ò sì ní padà.

Ó wá ti ìwé funfun kan sí mi. Ó ní kí n kọ ohun tí mo jẹ́wọ́, kí n fọwọ́ sí i. Ó ní, "Esirkep, tí mo bá rí ẹran yẹn, ìwé yìí gbọ́dọ̀ lọ sílùú odi. N ò lè gbé e pamọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Mo fọwọ́ sí i. Ara mi fúyẹ́ títí mo fi dé ẹnu àgọ́ wa.

Ọjọ́bọ̀, 22

Mo pe àwọn àgbà jọ. Mo sọ fún wọn pé lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́, ẹ da gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, títí kan ọ̀dọ́ àgùntàn tí a bí lánàá. Mo sọ ìdí rẹ̀. Ariwo! Bàbá Dosmail, tó dàgbà jù láàárín wọn, ní ìgbà wo ni wọ́n ti ń fi ọ̀dọ́ àgùntàn han ìkookò. Ẹlòmíràn ní ṣé mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Rọ́ṣíà ni. Mo bẹ̀. Mo sọkún díẹ̀, ojú tì mí.

Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ẹ̀gbọ́n mi ló kẹ́yìn. Òun ló ń darí àwọn darandaran, bí òun bá gbà, ó parí. Ó wò mí lójú, ó ní, "Mo ti gbọ́."

A dúpẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 23

Ẹ̀gbọ́n tọ̀ mí wá, ó jókòó tì mí, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó bi mí pé tí wọ́n bá rí gbogbo ẹran, kí ni wọ́n máa fi mí ṣe. Mo sọ fún un, ọdún méjì, bóyá jù bẹ́ẹ̀. Ó ní tí wọn ò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n á gbà pé orí mi ló dàrú, ìwé àtijọ́ á dúró, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn mí. "Ó dáa," ló wí. Ó bu omi fún mi mu.

Ó ní kò bójú mu kí àlejò ńlá wọ àgọ́ láìsí ẹni tó lọ pàdé rẹ̀, kí n lọ sùn lọ́dọ̀ wọn, kí n mú wọn wá láàárọ̀. Òótọ́ ni. Mo ń lọ báyìí. Màmá súre fún mi, ó di orí mi mú pẹ́.

Àbámẹ́ta, 24

A gun orí òkè. Mo ti na ọwọ́ kí n tó wò, mo ti ní, "Ẹ wò ó, ọ̀gá."

Pápá ṣófo.

Ẹṣin mọ́kànlélógún. Àgùntàn mẹ́rìndínlógójì. Ràkúnmí kan tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú àgọ́, ó ká ọwọ́ sí àyà, ó ń tẹrí ba.

Mo bẹ Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta kó tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn òkè iyọ̀. Ó tẹ̀ lé mi, ọmọlúàbí ènìyàn. Kò sí ẹran. Wọ́n ti dà wọ́n kọjá ibẹ̀, síbi tí èmi gan-an ò mọ̀. Ìgbẹ́ ló kù nílẹ̀, tútù, ó tẹ́ lọ bí ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo bu ú, mo fi hàn án. Ó ní, "Esirkep, dìde. Ìgbẹ́ ò sí nínú fọ́ọ̀mù mi." Mo ní ṣebí ẹ rí i pé òótọ́ ni. Ó wo ìgbẹ́ náà pẹ́, ó ní ohun tóun rò kò kan ẹnikẹ́ni, àwọn méjèèje ló kà á, àwọn méjèèje náà ló sì ń fọwọ́ sí i.

Galimjan Ahọ́n-Oyin ló fà mí dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Wọ́n pa àgùntàn. Fún ìdáǹdè mi.

Gbogbo wọn ló mọ̀. Ìyá Sapura mọ̀. Màmá mọ̀ nígbà tó di orí mi mú. Àwọn obìnrin, àwọn ọmọ, arúgbó Dosmail lórí ẹṣin — bí mo ṣe kúrò lọ́jọ́ Jímọ̀ báyìí, wọ́n da ẹran, wọ́n ò sinmi. Bàbá Dosmail ṣubú, ó fi apá rọ́, ó ń fi apá náà yangàn kiri. Wọ́n jókòó yí mi ká, ojú wọn pupa fún àìsùn, inú wọn ń dùn. Wọ́n gé etí àgùntàn fún mi bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o rò pé a máa jókòó máa wò ọ́ ni? Ilẹ̀ ò lẹ́sẹ̀. Ìwọ lo lẹ́sẹ̀ tí wọ́n lè dè."

Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Mo fẹ́ sọ pé ta ló rán ọ. Ó ti fi gbogbo òru Jímọ̀ gun ẹṣin, ètè rẹ̀ ti là, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ẹran sẹ́nu mi. Inú ń bí mi sí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo jẹ ẹran náà. Ó dùn. Ọjọ́ mẹ́wàá tí n kò ti jẹun gidi.

Ọjọ́ Ajé, 26

Wọ́n lọ. Kí wọ́n tó gbéra, Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta pè mí, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ fún mi wò. Ó mọ́ tónítóní. Odò náà, ó yà á dáadáa, títí dé orí eèsún, ìlà kéékèèké. Ìlà pupa gba ẹ̀gbẹ́ sàréè Bàbá. Lẹ́yìn ìlà, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí Kamisti, wọn ò kọ orúkọ.

Ó ní iye tí òun kà kéré ju ti ìwé mi lọ, ṣùgbọ́n òun fi ti ìwé sílẹ̀, kí ìlà má bàa tún sún sẹ́yìn. Ojú àánú ni. Ó ní kí yìnyín àkọ́kọ́ tó já, kí ilé amọ̀ wọ̀nyẹn ti ṣófo. Ó wá yọ ìwé tí mo fọwọ́ sí, ó ká a, ó fi sí ọwọ́ mi. Kò sí ẹran, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń dúpẹ́.

Mo sọ fún wọn nílé: kí yìnyín tó já. Wọ́n ní ṣebí ìgbà yìnyín ṣì jìnnà.

Ọjọ́rú, 28

Ẹran ti padà. Ariwo wọn gba gbogbo pápá. Wọ́n pọ̀, wọ́n sanra. N kò fẹ́ wò wọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀, 30

Òní la kó lọ sí pápá òkè, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún nígbà ooru. Àwọn ọmọbìnrin wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n so àgbékọ́ aláwọ̀ pupa mọ́ ràkúnmí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, gbogbo ohun tó wúwo, ilé amọ̀ ní Kamisti la kó o sí — ìkòkò ńlá, ọlọ, àpótí — kí a lè bá a níbẹ̀ tí a bá padà. Mo ní kí wọ́n kó o dání. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n bi mí tàánútàánú pé ṣé mo ti sùn dáadáa.

N kò bá wọn jà. Mo mú òòlù, mo lọ sí ilé amọ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ilẹ̀kùn. Pákó gidi ni, bàbá ìyàwó mi ló gbé e wá láti ìlú odi, ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó. Níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n báyìí, ènìyàn lè kọ́ ògiri mìíràn, kò lè rí ilẹ̀kùn mìíràn. Ó pẹ́ kó tó jáde. Mo dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ràkúnmí, mo sì fi ẹní onírun bo etí rẹ̀ kó má bàa ha ẹranko náà lára.

Ẹ̀rín! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń dì mọ́ra. "Esirkep ń gbé ilẹ̀kùn lọ sínú àgọ́!" "Ṣé afẹ́fẹ́ lo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́?" Bàbá Dosmail rẹ́rìn-ín débi pé apá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Sapura náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀dí. Mo gun ẹṣin mi. A gbéra.

Ẹ̀gbọ́n ń gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. A kọjá sàréè Bàbá, a kọjá èèkàn àkọ́kọ́, a kọjá ìkejì. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn tó ń mì lára ràkúnmí. Ẹ̀rín náà gbẹ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí, ohùn rẹ̀ kéré, pé, "Esirkep. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni.

Ó yí ẹṣin rẹ̀ padà, ó sáré gba ọ̀nà Kamisti. Gbogbo agbo dúró, ẹran ń ké, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Ó pẹ́. Nígbà tó padà, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lórí gàárì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ̀jẹ̀ wà ní ìka rẹ̀ torí kò mú òòlù lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Baizak, o ṣí ilé sílẹ̀. Kí ni a ó wá tì nígbà tí a bá padà?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí, kí n dá Màmá lóhùn. Èmi ni akọ̀wé.